Àwọn Síkúrúù Abẹ́ Ẹsẹ̀ Tuva

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kí kọfí yín tó tutù, torí bí mo bá tún gbé ọ̀rọ̀ yìí mì lónìí, èmi àti òun la ó jọ wọ sàréè. Èmi Evert, káfíńtà tó bá wọn kọ́ ilé pẹtẹ́ẹ̀sì onígi yìí, tí ẹ máa ń yìn pé ọwọ́ rẹ̀ dáa, èmi ni mo lé Sanna jáde níbí. Kì í ṣe ariwo ọmọ rẹ̀ ló lé e. Mo dúpẹ́ pé mo wà láàyè láti fẹnu ara mi sọ ọ́. Mo sì dúpẹ́ jù lọ pé Sanna gbà láti wá, òun náà ló jókòó létí fèrèsé yẹn pẹ̀lú Tuva ọmọ rẹ̀, tó ti ga tó ìyá rẹ̀ báyìí.

Gbogbo wa ní ìlú Skellefteå yìí la mọ̀ pé ilé onígi kì í pa ariwo mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹ́ rọ́bà rírọ̀ sórí igi ńlá tó gbé ilé ró, ká tó wá tẹ́ ilẹ̀ tí ẹ ń rìn lé sórí rọ́bà náà. Ilẹ̀ òkè ò gbọdọ̀ kan igi ìsàlẹ̀ rárá. Bí síkúrúù kan ṣoṣo bá gba inú rọ́bà kọjá, ẹsẹ̀ ará òkè ti dé etí ará ìsàlẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn káfíńtà yòókù bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí olùkọ́ ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni, iṣẹ́ ti ń parí lọ. Ilẹ̀ ilé ìdáná tó wà lókè yàrá tí Màmá Gunvor ń gbé báyìí ń mì díẹ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó yẹ ká tú u, ká tún rọ́bà abẹ́ rẹ̀ tò. Àmọ́ Kjell, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ti wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Ó ní, "Evert, gbogbo èyí lo fẹ́ tú? Ìyàwó mi ti kó ẹrù sínú mọ́tò, etí odò là ń lọ. Dè é mọ́lẹ̀ jàre!" Mo ní, "O mọ̀ pé kò dáa." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló máa mọ̀? Ṣé àwọn èèyàn wa ń wọ bàtà nínú ilé ni?" Òótọ́ ni, ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wa ń bọ́ ọ sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọ̀lẹ inú mi. Mo mú síkúrúù gígùn, mo dè é títí ilẹ̀ fi dúró gírígírí, mo sì fi pákó pẹlẹbẹ bò ó. Nígbà tí ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ olóòlù lu ilẹ̀ láti mọ̀ bóyá ariwo ń kọjá dé, mo bu kọfí fún un, mo fún un ní búrẹ́dì dídùn, mo sì rọra darí rẹ̀ sí ilé kejì. Ilé kejì yege, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Sanna kó wọ ilé òkè náà, Tuva ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré sísá. Kò pẹ́ tí Màmá Gunvor fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà. "Ọmọ lẹ bí ni, àbí ẹṣin?" Sanna á sáré sọ̀ kalẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìbọ̀sẹ̀ ló wọ̀!" Àwọn kan ń lẹ ìwé èébú mọ́ ilẹ̀kùn ibi tí gbogbo ilé ti ń fọṣọ. Nígbà tó yá, a pàdé nínú yàrá yìí gan-an, wọ́n sì bi mí pé, "Evert, ìwọ lo kọ́ ọ. Ṣé ilẹ̀ ni, àbí ọmọ?" Sanna ń wo ẹnu mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ gbọ́. Mo ní, "Ilẹ̀ ò ní nǹkan kan. Ẹ kọ́ ọmọ yín ní ìrìn." Ẹnu mi yìí náà ni! Tuva dìde, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn lọ bá ìyá rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́. Láti ìgbà náà, ọmọ yẹn ò fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́, kódà nínú yìnyín níta. Kí yìnyín ọdún náà tó yọ́, wọ́n ti kó lọ. Èmi aláìnítìjú wá lọ gba ilé náà, kí ẹlòmíràn má baà tú ilẹ̀ rẹ̀. Bí olè ni mo ń yọ́ rìn níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ti ń se kọfí, apá kan ara mi kú, mo sì ṣubú. Ẹnu mi ò ṣí. Ẹ̀ṣẹ́ nìkan ni mo lè fi lu ilẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà yẹn gan-an. Màmá Gunvor gbọ́ ọ, ó gbé ìgbálẹ̀ gòkè wá láti bú mi. "Evert, ṣé orí ẹ dáa?" Ìgbà tó rí mi ló sọ ìgbálẹ̀ nù, tó ké sí ọkọ̀ aláìsàn. Ká ní mo ti ṣe iṣẹ́ mi bó ṣe yẹ ni, kò ní gbọ́ mi, ǹ bá ti kú. Mi ò fi èyí dá ara mi láre o. Síkúrúù tí mo fi ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ ló gba ẹ̀mí mi là, oore tí kò tọ́ sí mi ni, mo sì sunkún ọpẹ́ títí ilé ìwòsàn.

Màmá Gunvor ni mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún. Ó ní, "Ìgbálẹ̀ mi náà wà níbẹ̀, Evert." Òun ló wá Sanna rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ káfíńtà yọ gbogbo síkúrúù náà níṣojú mi, wọ́n sì tún rọ́bà abẹ́ ilẹ̀ náà tò. Màmá Gunvor ní, "Bí o bá tún wá ṣubú ńkọ́?" Mo ní màá fóònù. "Fóònù ẹ tí kì í níná yẹn?" Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ káfíńtà, bí ilẹ̀ bá ń mì, ẹ tú u, kí ẹ jẹ́ kí mọ́tò tó ń lọ etí odò máa dúró dè yín.

Tuva, mo rí ọ bí o ti wọlé. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ lo ṣì fi ń rìn. Má bọ́ bàtà yẹn. Gòkè lọ, ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀. Sáré láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná dé fèrèsé, fò sókè, fi gìgísẹ̀ méjèèjì balẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ. Èmi á jókòó sínú yàrá Màmá Gunvor. Bí o bá lè dárí jì mí, jọ̀ọ́, sọ̀ kalẹ̀ wá sọ fún mi, torí láti ìsàlẹ̀, mi ò ní gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ mọ́.