Ìborùn Ẹ̀gbọ́n Rẹ Wà Lọ́wọ́ Ìyá Òkè

Jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, àga kan ṣoṣo tó wà níbí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀. Omi rèé. Mu ún tán kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀, kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ mọ́. Àna mi ni ọ́, èèyàn kì í sì í bú àna, àmọ́ wọn ò ní kéèyàn má ráhùn sí i létí.

Ìwọ lo fi mí sínú wàhálà yìí. Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, ìwọ ni. Ta ló jókòó tì mí lọ́jọ́ tí mo dé ìlú ńlá yìí, tí mo ṣì gbé báàgì lé itan, tó ń ka òfin fún mi bí ẹni tó ń pín ogún? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kí ẹni tí ẹ ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa yára rìn, ìrìn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń mọ àlejò. Ẹ má wo ojú èèyàn. Ẹ má sọ ibi tí ẹ ń gbé fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó wá ga jù, tí wọ́n bá pè yín látẹ̀yìn, ẹ má dúró, ẹ má bojú wẹ̀yìn, gbájúẹ̀ ni wọ́n. Ogún ọdún lo ti lò níbí. Mo ní ẹni tó ti pẹ́ lóko ló mọ ibi tí ejò wà. Mo gbà.

Oṣù kan gbáko, mi ò kí ẹnì kankan. Èmi. Èmi tí mo máa ń kí ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè kí n tó mọ̀ bóyá èèyàn ni àbí òpó. Láàárọ̀, tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, màá bá ìyá arúgbó kan tó ń gbá àtẹ̀gùn, ẹnu á máa yún mi, "ẹ kú iṣẹ́" á ti dé ibi eyín, màá gbé e mì. Nígbà mìíràn màá sín láìní ọ̀fìnkìn, kí n lè fi bò ó. Gbogbo ẹ kú iṣẹ́ tí mo gbé mì nílùú yìí, ká ní oúnjẹ ni, mi ò bá ti sanra.

Ibi iṣẹ́ ńkọ́? Ìwọ lo bá mi rí iṣẹ́ sílé alágbàfọ̀ yẹn, kí Ọlọ́run san án fún ọ, ìyẹn ò sí nínú ẹjọ́ tí mò ń rò. Ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kó fún mi. Kọ́là ni mo kọ́kọ́ máa ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀, lẹ́yìn náà ọrùn ọwọ́, kí n tó kan èjìká. Obìnrin kan wà tó ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń juwọ́ sí mi, tó ń fọwọ́ kan etí, tó ń fọwọ́ kan ẹnu. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn, èmi náà ń juwọ́ padà. Àṣé ó rò pé adití ni mí, torí mi ò kí i.

Ìyẹn gan-an kéré. Wá gbọ́ èyí tó dùn mí.

O mọ ìborùn ìyàwó mi, ẹ̀gbọ́n rẹ, aláwọ̀ aró yẹn, tí etí rẹ̀ ti ń já. Oṣù kẹsàn-án rèé tó ti fi wá sílẹ̀. Mo máa ń ká a sínú báàgì lọ síbi iṣẹ́. Má bi mí pé kí ni mo fi ń ṣe. Ó máa ń wà níbẹ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó yọ́ bọ́ lórí àtẹ̀gùn, mi ò mọ̀. Mo ti bọ́ sójú títì kí n tó gbọ́ ọ lẹ́yìn: "Bàbá, bàbá tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ dúró." Kí lo ní kí n ṣe? Mo yára sí i. "Bàbá, ẹ̀yin ni mò ń pè." Mo ní hẹn, wọ́n ti dé, gbájúẹ̀ tí àna mi wí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, pẹ̀lú orúnkún tí o mọ̀ yìí. Ẹni tó ń lé mi náà ń sáré, mò ń gbọ́ sílípáàsì rẹ̀, pá pá pá. Mo já sẹ́yìn ilé oníbúrẹ́dì, ó já síbẹ̀.

Rò ó wò lójú àwọn tó ń wò wá. Ọkùnrin kan ń sá lọ níwájú, ìyá arúgbó ń lé e bọ̀ pẹ̀lú ìborùn obìnrin lọ́wọ́. Ìwọ tí o bá rí irú rẹ̀, kí lo máa rò? Oníbúrẹ́dì na ẹsẹ̀ gbọọrọ, mo balẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì. Wọ́n dì mí mú ní bèbè ṣòkòtò. Kí lo jí? Mi ò jí nǹkan kan. Kí lo wá ń sá fún? Ṣé kí n ní wọ́n ní kí n má dúró ni? Ta ló ní bẹ́ẹ̀? Ṣé kí n dárúkọ rẹ fún wọn?

Ìyá náà dé, ó fọwọ́ ti ògiri, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá tó ń gbá àtẹ̀gùn ni. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, òun ló ni aṣọ, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni." Ẹ̀rín tí wọ́n rín, o ò ní fẹ́ gbọ́. Oníbúrẹ́dì ní òun ń gbọn eruku kúrò lára mi, ó fi ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ kùn mí látọrùn dé ìdí.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Mo nawọ́ kí n gba ìborùn, ìyá fà á sẹ́yìn. Ó ní, "Òkè orí rẹ gan-an ni mò ń gbé. Oṣù kan lo ti ń kọjá lára mi bíi pé ìgbálẹ̀ nìkan lo ń rí. Lónìí mo pè ọ́, o sá. Kí ni mo fi ṣe ọ́?" Mo ní, ẹ má bínú mà, àna mi ló kọ́ mi. Ó ní kí àna náà wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú òun, ìgbà yẹn lòun máa dá aṣọ padà. Ló bá ká a mọ́ abẹ́ apá, ó gba ilé lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti kí i látìgbà náà. Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú iṣẹ́ ilé mà. Mo tilẹ̀ gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mi ò mọ̀ yín rí, ẹ jọ̀ọ́, gbájúẹ̀ pọ̀ nílùú."

Rẹ́rìn-ín, kò burú. Èmi náà rín tèmi. Àmọ́ báàgì mi fúyẹ́ lánàá. Mi ò fẹ́ràn bó ṣe fúyẹ́.

Kí lo wí? Kí n padà sílé? Èmi kọ́. Ilé tí mo ti wá, gbogbo ògiri rẹ̀ ló mọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ, wọn ò sì yé é pè é sí mi létí. Ìlú yìí dáa. Kì í ṣe ìlú ló ṣẹ̀ mí, ìwọ ni.

Mo tún gbọ́ pé àbúrò rẹ àti ọkọ rẹ̀ ń kó bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, o sì ti ń ka òfin fún wọn lórí fóònù. Dákẹ́ ńbẹ̀. Èmi ni màá bá wọn sọ̀rọ̀. Kí wọ́n ṣọ́ àpò wọn, mo fara mọ́ ìyẹn. Tí wọ́n bá ṣìnà, ẹni tó ń tajà lójú kan ni kí wọ́n bi, torí tó bá parọ́ lónìí, wọ́n mọ ibi tí wọ́n á ti bá a lọ́la. Àmọ́ kí wọ́n rìn jẹ́jẹ́ ládùúgbò tiwọn, kí ojú wọn lè mọ́ni lára, lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn bá dá wọn dúró, kí ẹnì kan lè ní ará ilé wa lèyí. Kí wọ́n sì máa kíni. Ẹ kú iṣẹ́ ò pa èèyàn rí.

Ó yá, dìde. Ìyá Òkè wà nílé, ẹsẹ̀ rẹ̀ lò ń gbọ́ yẹn. Ìwọ ni wàá síwájú. Tí o bá débẹ̀, má na ọwọ́ sí i bí ẹlẹgbẹ́ rẹ, wàá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wàá sì sọ fún un pé ìwọ lo kọ́ mi ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Mo ti fojú wọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò gùn tó ọ, ẹsẹ̀ rẹ á wà lórí àtẹ̀gùn. Má jáyà, màá di méjèèjì mú kí o má bàa yọ̀. Ká tiẹ̀ sòótọ́, kí o má bàa sá.