Ọdún Mẹ́sàn-án Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Hàlímọ̀tù

Ẹ jẹ́ n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí wọ́n tó bá mi fọ̀ ọ́ mọ́ níbi ìsìnkú. Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa l'Ọ̀mù-Àrán: bó jẹ́ olè lòkú, wọ́n á ní ó fẹ́ràn ohun ọmọnìkejì rẹ̀. Èmi Isaiah Adégbóyè, hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìntì, tó ń gbé ní àdúgbò Basin níbí, mo ti jókòó lé ọ̀rọ̀ kan lórí fún ọdún mẹ́ta. Dókítà ní kíndìnrín mi méjèèjì ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Kí wọ́n tó lọ, ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jáde, torí ó ní ẹnì kan tó ń dúró dè é, ọjọ́ sì ti ń lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣe hẹ́dímásítà fún ọdún mọ́kànlá, a ní kíláàsì kan níbẹ̀ fún àwọn ọmọ adití. Tíṣà méjì ló wà níbẹ̀. Fèyísọ́lá, àbúrò Juliana ìyàwó mi, ni ìjọba gbà síṣẹ́. Hàlímọ̀tù ni ẹgbẹ́ òbí fúnra wọn gbà. Fèyísọ́lá a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, a máa hun súwẹ́tà. N ò ní purọ́ mọ́ ọn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáa: kò sọ́mọ rẹ̀ kan tó mọ òtútù ọyẹ́. Hàlímọ̀tù ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Adití ni Abdulwaris àbúrò rẹ̀, ọwọ́ ló fi ń bá a sọ̀rọ̀ láti kékeré. Tó bá wọ kíláàsì, ariwo á sọ, ariwo tí etí ò gbọ́. Ọwọ́ nìkan lẹ ó máa rí, wìtìwìtì, bí ẹyẹ tó bà sórí ọkà.

Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n tí mo dá. Gbogbo tíṣà ìjọba ló ń kọ orúkọ àti aago tí wọ́n dé sínú táìmùbúùkù orí tábìlì mi láràárọ̀. Ti Hàlímọ̀tù, ìwé ọmọléèwé lásán ni mo fún un, mo fi okùn so ó kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí ló dé? Bí ínsípẹ́tọ̀ bá rí orúkọ tí kò sí lórí ìwé ìjọba, ó máa béèrè ọ̀rọ̀, èmi ò sì fẹ́ràn ìbéèrè. Bó ṣe di pé lórí ìwé, Fèyísọ́lá nìkan ló kọ́ àwọn ọmọ yẹn fún ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Ẹ̀yin ìjọba, ẹ ò rí iṣẹ́ súwẹ́tà!

Àfi bí òfin tuntun ṣe dé. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ní sàtífíkéètì ẹ̀kọ́ àkànṣe kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ adití mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fojú àánú wò ó: tíṣà tó bá ti ń ṣe iṣẹ́ náà bọ̀ fún ọdún márùn-ún sókè, wọ́n á ka àwọn ọdún yẹn mọ́ ẹ̀kọ́ fún un. Dípò ọdún méjì, oṣù mẹ́ta péré ló máa fi jókòó ní kíláàsì. Ìwé tó fi hàn pé ó ń wá síṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè, kí hẹ́dímásítà fọwọ́ sí i, kí ínsípẹ́tọ̀ sì wá wo bó ṣe ń kọ́ ọmọ. Ẹnì kan péré láti ilé-ẹ̀kọ́ kan.

Hàlímọ̀tù sáré wọ ọ́fíìsì mi, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Sà, Alihamudulilahi! Ọdún mẹ́sàn-án mi ò ní ṣòfò."

Mo ní, "Fọkàn balẹ̀. Ta ló tún kù bí kò ṣe ìwọ?"

Mo délé, Juliana gbé oúnjẹ síwájú mi, ó dúró. "Bàbá Tìmílẹ́yìn, ṣé bí àbúrò mi ṣe máa wà lójú kan nìyẹn? Kí ni Hàlímọ̀tù jẹ́ sí yín?" Ẹ má torí èyí bá Juliana jà o. Ó béèrè ọ̀rọ̀ ni. Èmi tí mi ò fẹ́ràn ìbéèrè ni mo lọ ṣiṣẹ́ ibi.

Lọ́jọ́ kejì mo já ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn, mo gbé e fún ìyá ẹlẹ́pà tó wà lẹ́nu géètì wa. Mo sọ fún Hàlímọ̀tù pé ikán ti jẹ ẹ́. Ní ọ̀sán, mo rán ọmọ lọ ra ẹ̀pà. Mo tú bébà tí wọ́n fi pọ́n ọn, kí ni mo rí? "Hàlímọ̀tù, 7:15." Mo wò ó títí. Mo jẹ ẹ̀pà náà.

Ó ku bí Fèyísọ́lá ṣe máa kọ́ ọmọ lójú ínsípẹ́tọ̀, ẹni tí kò mọ "ẹ káàárọ̀" lédè ọwọ́. Mo pe Hàlímọ̀tù, mo ní, "Mo ti bá wọn sọ ọ́, wọ́n ti fún wa láyè méjì. Ti Fèyísọ́lá la máa kọ́kọ́ ṣe, tìẹ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Jọ̀ọ́, bá mi ràn án lọ́wọ́ kójú má tì wá." Ó ní, "Kò burú, Sà." Òótọ́ inú ni wọ́n fi bí i, òun ni mo sì fi dè é.

Nígbà tí Alhaji Abdulrahman, ínsípẹ́tọ̀, dé, mo ti gbé àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù, kó kọjú sí àwọn ọmọ, kó kẹ̀yìn sí fèrèsé. Hàlímọ̀tù wà níta, lẹ́yìn fèrèsé yẹn. Fèyísọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Lẹ́yìn Alhaji, ọwọ́ Hàlímọ̀tù ń béèrè, àwọn ọmọ ń dáhùn, ọ̀kan ò tàsé. Alhaji ń kọ̀wé, ó ń mi orí. "Màṣáàláhù! Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́."

Ibí yìí ló ṣòro fún mi láti sọ. Ọmọbìnrin kan wà ní bẹ́ǹṣì iwájú, Saeedah, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìyìn yẹn, ó rí i lójú Alhaji, ó sì rí ẹni tí Alhaji ń yìn. Ó dìde. Ó na ìka sí fèrèsé, ó wá fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Orúkọ Hàlímọ̀tù nìyẹn láàárín wọn, torí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa ń jìn tó bá rẹ́rìn-ín.

Alhaji ní, "Kín lọmọ yìí ń wí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀ síwájú, mo fi ara mi bo fèrèsé, mo gbá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ lábẹ́ dẹ́sìkì. "Ó fẹ́ tọ̀ ni, Alhaji." Ó ń jà. Mo fún un mọ́ra. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ lẹnu ọmọ yẹn. Bí mo ṣe dí ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu nìyẹn, n ò sì tú u sílẹ̀ títí Alhaji fi pa fáìlì rẹ̀ dé. Kò ké. Ó kàn ń wò mí. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Hàlímọ̀tù náà ń wò wá láti ojú fèrèsé. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró sójú afẹ́fẹ́.

Fèyísọ́lá gba sàtífíkéètì. Kò lo ju táàmù méjì lọ tó fi ríṣẹ́ ọ́fíìsì ní GRA. Hàlímọ̀tù ni kò ní sàtífíkéètì, èmi fúnra mi ni mo fún un ní ìwé pé kó máa lọ. Ó kà á tán, ó ní, "Sà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn ńkọ́?" Kíláàsì tú ká.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, mo lọ ra iṣu lọ́jà Ìpata. Ta ni mo rí tó ń to iṣu fún ìyá rẹ̀? Saeedah ni. Ó ti ga. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ó wò mí, ó sọ iṣu sílẹ̀, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Bó ṣe máa ń ṣe sáwọn bàbá àgbà nìyẹn. A ò mẹni tó dẹ́rù bà á."

Mo ra iṣu mẹ́ta. N ò ná an.

Mo ránṣẹ́ pe Hàlímọ̀tù, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó sunkún, ó nu ojú. Ó ní, "Sà, mo ti foríjì yín nítorí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìdáríjì mi kì í ṣe ìwé. Wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ mi." Ó ní wọ́n tún ti ṣí fọ́ọ̀mù ọdún ìrírí yẹn o, wọ́n máa pa á dé lópin oṣù yìí. Mo ní kó kọ́ mi bí mo ṣe máa bẹ Saeedah. Ó wò mí. "Ọdún mọ́kànlá, Sà, ẹ ò kọ́ ẹyọ kan?"

Ẹ̀yin hẹ́dímásítà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gorí àga, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ yọ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́, kó kọ orúkọ sínú ìwé orí tábìlì. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà tí a jọ wà níbẹ̀, ìyá ẹlẹ́pà, ẹ forí jì mí, ṣùgbọ́n ẹ má fi mọ síbẹ̀. Ìwé tí mo fi wé ẹ̀pà, mo ti tún un kọ báyìí: Hàlímọ̀tù, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láràárọ̀, fún ọdún mẹ́sàn-án. Mo ti fọwọ́ sí i. Ó wà lórí tábìlì mi ní Basin. Ẹni tó bá rí Hàlímọ̀tù lẹ́nu iṣẹ́ láwọn ọjọ́ yẹn, kó wá fọwọ́ tirẹ̀ sí i kí oṣù tó parí.