Ẹ Gbé Benson Gun Tírọ́lì Rẹ̀

Ẹ̀yin ará Ore, ẹ̀yin ará Ajue tẹ́ ẹ fi ọ̀nà jíjìn ṣe ìtòsí, ẹ kú ìrọ́jú o. Èmi ni Gàzálì, wẹ́dà tó múlé gbe ṣọ́ọ̀bù Benson káfíńtà. Ẹni tó bá di máíìkì mú níbi àìsùn òkú, ọ̀rọ̀ ìtùnú ló yẹ kó máa sọ. Ẹ má bínú sí mi. Inú ń bí mi. Ó ń bí mi sí òkú, ó sì ń bí mi sí ẹ̀yin alààyè.

Ẹ mọ àbàtà tó wà láàárín títì àti ilé Benson. Kí lẹ ò ní mọ̀ ọ́n sí, ṣebí bàtà yín ti há síbẹ̀ rí? Lọ́rí kì í wọ ibẹ̀. Èjìká ni Benson fi ń ru pákó gba inú ẹrẹ̀, títí ó fi sú u. Ló bá ra àlòkù irin, ó ní òun fẹ́ tẹ́ rélùwéè láti etí títì dé iwájú ilé òun, kí òun máa fi tírọ́lì ti pákó lórí ẹ̀. Ẹ fi í rẹ́rìn-ín! Ẹ ní, "Benson, ṣé Kano lò ń lọ ni?" Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ èmi ni mo jó irin náà fún un. Jíjó yẹn nìkan náà ló gbà kí n ṣe. "Gàzálì, jó o síbi tí mo fàlà sí, kó o máa lọ."

Ẹ wá gbọ́ oríkunkun. Igi tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ́míìlì dé ló tò sábẹ́ irin. Káfíńtà o! Mo ní, "Benson, ìwọ tó ò jẹ́ fi igi tútù kan àpótí ìjókòó?" Ó ní inú ẹrẹ̀ ló ń lọ, kí ni òun fẹ́ máa sá a fún. Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, igi gbẹ, igi lọ́, irin ya ẹsẹ̀, tírọ́lì dojú dé tòun ti pákó. Ó tú gbogbo ẹ̀, ó tún un ṣe. Ó ṣe ètè sí etí ẹsẹ̀ tírọ́lì kó má baà fò kúrò lójú irin. Ìyẹn ló wá dúró.

Jùmọ̀kẹ́, dìde, gbé ọmọ yẹn sókè káyé rí i. Ọjọ́ tí obìnrin yìí ń rọbí, òjò ń rọ̀, ọlọ́kadà kankan ò gbà. Benson tẹ́ fóòmù sórí tírọ́lì, ó gbé e lé e, ó tì í já títì. Jùmọ̀kẹ́ ń pariwo, "Bọ̀dá, ẹ rọra o!" Ó ní, "Ìwọ ṣáà di irin mú, ẹsẹ̀ mi ni bíréèkì." Ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ló yẹ kó tẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ẹ dáhùn! Ṣé ilẹ̀ tútù ni Benson tẹ̀?

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní dandan ni kí tírọ́lì ní bíréèkì. Ó yọ ẹsẹ̀ tírọ́lì kúrò. Mo ní, "Gbé e wá, kó tó dalẹ́ màá ti ṣe é tán." Ó ní, "Má fọwọ́ kàn án, èmi ni mo mọ̀ ọ́n." Mo ní ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ó ní, "Tèmi ń gbé e." Ọjọ́ tí àyà ríro kì í mọ́lẹ̀, tírọ́lì wà ní ìdojúdé, kò lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yìn la fi pọn Benson gba inú ẹrẹ̀. À ń ṣubú, à ń dìde, à ń ṣubú. Nígbà tá a fi máa dé títì, ẹ̀mí ti bọ́ lára ẹ̀. Ọkùnrin tó gbé aboyún já títì láyọ̀! Benson, inú ẹ ń bí mi, ó sì ń dùn mí.

Mo ti parí tírọ́lì náà. Mo de ẹsẹ̀, mo de bíréèkì. Lọ́la, etí títì ni mọ́tò tó ń gbé òkú bọ̀ máa dúró sí, iwájú ilé rẹ̀ sì ni sàréè wà. Ẹ̀gbọ́n Oríyọmí, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n ẹ̀, ẹ̀yin lolórí ẹbí, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ní èjìká làwọn ọmọ ìjọ máa fi gbé e. Ẹ ní nǹkan ìkópákó ni tírọ́lì, a kì í fi gbé òkú. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí la fi kan pósí? Ṣebí pákó náà ni! Bá a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ ẹ̀ rí òjò àná? Ṣé inú ẹrẹ̀ yẹn náà lẹ tún fẹ́ ká gbé e ṣubú sí?

Ẹ jókòó, ẹ má fa máíìkì lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì parí.

Kí lẹ wí, Cecilia, Ìyá Lọ́pẹ́? Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí opó ń sọ. Ẹ gbọ́ Cecilia. Ó ní, "Ẹ gbé ọkọ mi gun nǹkan ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n Oríyọmí ti mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣé, sà. Ọlọ́run á dá yín sí.

Benson, ọ̀rẹ́ mi, máa lọ, kí ọ̀nà là fún ọ. Ìyàwó ẹ ò ní dá wà, àwọn ọmọ ẹ ò ní sọnù. Àmọ́ tó o bá dé ọ̀hún, tẹ́nì kan bá ní òun fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, gbà fún un.