Háàdì Tíṣà Tí Mo Ní Ó Ti Kú

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Tíṣà, má tíì gbé báàgì rẹ. Mo mọ̀ pé àbúrò mi, àfẹ́sọ́nà rẹ àtijọ́, ni o ò fẹ́ rí, òun náà ò sì mọ̀ pé mo pè ọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi ò tíì pé ọdún méjì, ó ti sú mi. Inú ń bí mi, ara mi gan-an ni mo sì ń bínú sí.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nídìí káńtà tí wọ́n ń dá ọjà tó bàjẹ́ padà sí. Tíṣà, o gbé háàdì rẹ wá, àpótí pẹlẹbẹ tí o kó gbogbo ìwé àti fọ́tò rẹ sí. Kò ṣiṣẹ́ mọ́, wáráńtì tó ní kí wọ́n fi tuntun pààrọ̀ rẹ̀ ò sì tíì tán. O ní, "Bùrọ̀dá, ohun tó wà nínú rẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ṣé mo lè fi òòlù fọ́ ọ kí n tó fún yín?" Mo ní tí o bá fọ́ ọ, wọn ò ní fún ẹ ní tuntun. Òótọ́ nìyẹn, òfin burúkú ni: kéèyàn yan èyí tó fẹ́ pàdánù nínú owó rẹ̀ àti àṣírí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún fi irọ́ lé e: "Ó ti kú. A máa fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ ni. Fọkàn balẹ̀." O rẹ́rìn-ín, o ní o dúpẹ́ pé èèyàn rẹ ló wà níbẹ̀.

Kò kú. Bọ́ọ̀dù kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló jó. Tí irú rẹ̀ bá dé, a máa ń yọ bọ́ọ̀dù ara òmíràn fi sí i, á tún ṣiṣẹ́, a ó wá máa wo fọ́tò oníbàárà bí a bá ń jẹun ọ̀sán. Ìdánwò là ń pè é. Ọ̀gá wa mọ̀, òun gan-an máa ń fa àga súnmọ́ wa. Ìdánwò kọ́, olè ni. Èmi tí mo lè bá èèyàn jà torí pé ó yọjú wo fóònù mi nínú bọ́ọ̀sì, èmi náà ni mò ń tú ẹrù ẹlẹ́rù.

Mo ṣí tìẹ. Mo rí lẹ́tà dókítà, pé wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ nígbà tí àìsàn fẹ́ pa ọ́. Mo sọ fún ara mi pé àbúrò mi lo fẹ́ tàn jẹ. Irọ́ tún ni, ẹnu ló ń yún mi. Mo lọ sọ ọ́ fún yín ní kíṣìnì, Màmá. Ẹ ní, "Ọlọ́run ló rán ọ sí wa." Olófòófó kì í gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní ń mọ.

Ẹ̀yin náà ò ṣe é dáadáa, Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ pe àwọn àǹtí wa jọ sí pálọ̀ yìí, ẹ bi Tíṣà lójú gbogbo wọn pé níbo ló fẹ́ fi oyún sí. Tíṣà, o ò sunkún. Àbúrò mi lo wò, o ní, "Èmi àti ìwọ nìkan la mọ̀." Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé o ti sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀, ó sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ó búra pé ẹnu òun kọ́ ló ti jáde, títí ohùn rẹ̀ fi há, o ò gbà á gbọ́, o bọ́ òrùka sílẹ̀, o jáde. Mo dúró lẹ́yìn àga, mo panu mọ́. Kí n wo àṣírí rẹ burú, kí n sọ ọ́ síta tún burú sí i, ṣùgbọ́n kí n dúró kí ọmọ ìyá mi máa jẹ̀bi ohun tí mo ṣe, mi ò mọ orúkọ tí mo lè pe ìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi gbé háàdì tiẹ̀ tó bàjẹ́ wá bá mi. Ó ní, "Bùrọ̀dá mi, fọ́tò Tíṣà tó kù lọ́wọ́ mi ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni mo fọkàn tán." Mi ò lè fọwọ́ kàn án. Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Àbúrò mi, tí o bá fẹ́ gbá mi létí, ojú mi nìyí. Tíṣà, mi ò ní kí o dárí jì mí. Nǹkan kan ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún: yíjú sí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an, kò sọ fún mi.