Rọ́bà Tí Mo Dì Lábẹ́ Aṣọ Ọkọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ó ka èyí, ẹ má tíì bú mi. Ọdún mẹ́ta ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ọkọ mi fẹ́ padà sórí bẹ́ẹ̀dì tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Kanvili, ní Tamale ní Gánà níbí, ni à ń gbé. Káfíńtà ni ọkọ mi. A ò tíì pé ọdún kan tí a ṣègbéyàwó tó fi jábọ́ látorí òrùlé kan ní Choggu, níbi tó ti ń kan páànù. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́. Láti àyà dé ẹsẹ̀, kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Rọ́bà kan ni ìtọ̀ ń gbà jáde nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀ bọ́ sínú ọ̀rá. Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀.

A fẹ́ ọmọ. Dókítà kan sọ fún wa pé ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń gbọ̀n, pé ó lè mú àtọ̀ jáde lára irú ọkọ mi, kí wọ́n sì gbé e sí mi nínú. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀. Ó ní bí nǹkan bá ń yọ irú wọn lẹ́nu nísàlẹ̀, wọn kò ní mọ̀ ọ́n lára, ẹ̀jẹ̀ wọn ni yóò kàn ru lójijì, ó sì lè pa wọ́n. Ó ní ìtọ̀ ò gbọdọ̀ kún inú rẹ̀ rárá. Mo gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, n kò lè sọ pé n kò gbọ́.

Ìdílé àlùfáà láti Ìlọrin ni ìdílé ọkọ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ lo ẹ̀rọ náà ní ọsibítù, ìyá rẹ̀ fọ wàláà tí wọ́n kọ àdúà ọmọ sí, ó sì gbé omi hántú náà fún un, abọ́ ńlá kan. Ó mu ún tán. Ìyá wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyàwó, má jẹ̀ẹ́ kí omi yìí kúrò lára ẹ̀ kí wọ́n tó ṣe tán o. Bó bá ti bá ìtọ̀ lọ, àdúà bá a lọ nìyẹn."

Kò fipá mú mi. Èmi náà ń wá ọmọ lójú méjèèjì. Mo ká rọ́bà náà po, mo fi òwú dì í, mo fi aṣọ bò ó. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi mí bóyá ìtọ̀ ń jáde dáadáa, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀rọ náà kò pẹ́ lára rẹ̀ tí òógùn fi bo ojú rẹ̀. Ó ń kígbe pé orí òun fẹ́ là. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì pariwo pe dókítà. Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n gbé e jókòó, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń gòkè. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹnu mi kò là. Ìgbà tí kò pariwo mọ́ ni mo tọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, mo já òwú náà. Ìtọ̀ tú dà sínú ọ̀rá, ẹ̀jẹ̀ sì wálẹ̀. Wọ́n rò pé abẹ́rẹ́ ló ṣiṣẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ tó ru náà kọlu ọpọlọ rẹ̀; ọwọ́ ọ̀tún tó ṣì fi ń kan àpótí tà lórí ìjókòó kò lágbára mọ́ láti ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n dá lẹ́bi, wọ́n ní kò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Mo bá a níta tó ń sunkún, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Dókítà tuntun tó fẹ́ lo ẹ̀rọ náà fún un ní Ọjọ́bọ̀ ti bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́sí. Mo ní n kò mọ̀. Ìyá ní omi ìgbà yẹn ló tètè jáde, pé lọ́tẹ̀ yìí òun fúnra òun ni yóò jókòó ti rọ́bà kí omi má baà jáde. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á lé mi. Bí mo bá dákẹ́, mo lè di opó.

Lánàá mo ní kí a má lọ mọ́. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín.

"Wàláhì, ẹ̀rù ò bà mí. Mo rí ọwọ́ ẹ lábẹ́ aṣọ lọ́jọ́sí. Ìwọ lo tún rọ́bà yẹn ṣe, n ò kàn fẹ́ sọ ọ́ lójú dókítà ni. Ìwọ lo gbà mí là."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n dá a lóhùn?