Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Ní Hamburg

Ẹ bá mi dá sí i, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti ju ẹrù tí èmi nìkan lè gbé lọ. Mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rí náà kì í ṣe òótọ́, bẹ́ẹ̀ mi ò sì purọ́. Ṣé ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí?

Jẹjẹrẹ ọmú ló ṣe mí. Wọ́n ti tọ́jú mi ní Berlin níbí, ṣùgbọ́n dókítà mi ní àdúgbò Gesundbrunnen ṣì máa ń fa ẹ̀jẹ̀ mi láti wo purotéènì kan tí jẹjẹrẹ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Bí iye rẹ̀ bá ń gòkè, ó lè jẹ́ pé àìsàn náà tún ti ń rìn. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń yà mí lẹ́nu. Báwo ni ohun tí ojú ò rí ṣe ń tú àṣírí ohun tó fara pa mọ́? Mo máa ń da ìbéèrè bo dókítà obìnrin yẹn títí á fi rẹ́rìn-ín. Irun mi tó re ni kò tètè hù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n jẹ́ onídìrí ní Hamburg, fi fítámì tó ń mú irun hù ránṣẹ́, mo sì ń sọ ọ́ sẹ́nu bí ẹ̀pà. Nígbà tí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, iye purotéènì yẹn ti já wálẹ̀ pátápátá. Kíá ni mo wọ reluwé lọ sí Hamburg, mo dìde láàárín ìjọ ẹ̀gbọ́n mi, mo ní Olúwa ti parí iṣẹ́. Gbogbo ìjọ jó.

Dókítà ni kò jó. Ara fu ú, ó bi mí ní gbogbo ohun tí mò ń lò. Bí mo ṣe dárúkọ fítámì, ó ní ó lè da ẹ̀rọ àyẹ̀wò rú, kó máa ka iye tó kéré sí ti òótọ́. Háà, fítámì irun! Mo dá a dúró, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, iye náà sì ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní iye nìkan kì í dájọ́, wọ́n á ya àwòrán inú ara mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ṣùgbọ́n lánàá, Màmá Dúpẹ́ pè mí, ìyá kan nínú ìjọ yẹn tí irú àìsàn mi ń ṣe. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rí rẹ ti jẹ́ kí n gbà pé Olúwa ti wo èmi náà sàn. Mo ti fagi lé Termin mi, ọjọ́ àdéhùn ìtọ́jú mi ní ọsibítù." Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n panu mọ́, pé ẹni tó bá kó ẹ̀rí rẹ̀ jẹ ń fi Ọlọ́run ṣẹ̀sín. Ẹyin lohùn lóòótọ́, tó bá bọ́ kì í ṣeé kó. Ṣé kí n wá jókòó, kí ìyá ọlọ́mọ máa kú lọ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu mi?

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì reluwé ti ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ má wulẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn bóyá kí n sọ ọ́. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí Màmá Dúpẹ́ á fi padà sí ọsibítù ni kí ẹ kọ́ mi.