Ẹ Ò Jẹ́ Kí N Sọ Ìyókù

Ẹ ò mọ̀ mí rí kẹ̀? Ẹ wojú mi dáadáa kẹ́ ẹ tó fi Ọlọ́run búra, Màmá. Èmi ni Kẹ́milọ́lá, èmi ni mo ń ya sikáànù fáwọn aboyún nílé àyẹ̀wò tó wà lọ́nà Ire-Akari, ní Ìsọlọ̀, èmi ni mo fi nǹkan tútù yẹn pa ikùn ìyàwó yín lọ́sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, ẹ̀yin lẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yin lẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú, Mísbáù ọmọ yín wà lẹ́yìn yín tó ń fi fóònù ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ mi. Ẹ wá ń wò mí lójú kòròkòrò, ẹ ní bóyá ilé ẹlòmíràn ni mò ń wá. Ilé yín ni mò ń wá o. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni mo ti ń wá a.

Ẹ má wulẹ̀ dìde, mi ò mu omi. Kì í ṣe omi ló gbé mi wá.

Ọmọlará Àdìgún lẹ ní kí n kọ sínú ìwé. Obìnrin tó wọ hìjáàbù wọlé, tí ẹ̀yin fúnra yín ń pè ní Ṣùkúrátù lójú mi, ẹ ní Ọmọlará ni. Ẹ ní Jakande lẹ ń gbé, ẹ sọ nọ́ńbà blọ́ọ̀kù, ẹ sọ òkè kẹta. Mo lọ sí Jakande, Màmá. Mo ti ibi iṣẹ́ lọ pẹ̀lú ebi nínú, mo gun àtẹ̀gùn yẹn dókè, bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ṣílẹ̀kùn, ó ní ìyàwó òun ti kú láti ọdún mẹ́jọ, pé aboyún wo ni mò ń bèèrè lọ́wọ́ òun. Nọ́ńbà fóònù tẹ́ ẹ kọ ńkọ́? Ọkùnrin kan tó ń ta gáàsì n'Íkòtún ló ń gbé e. Mo pè é tó ẹ̀ẹ̀mẹfà. Nígbà tó yá, ìyàwó ẹ̀ ló já fóònù gbà, ó bú mi, ó bú ìyá tó bí mi, ó ní irú oyún wo ni mo gbé tí mò ń wá ọkọ òun kiri fún. Èmi tí mo ń wá ìyàwó oníyàwó kó má bàa kú, mo di àlè ọkọ ọlọ́kọ.

Mo mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ṣe é. Òṣogbo ni wọ́n ti bí ìyá tèmi náà, kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi pé a kì í na oyún sí ayé lójú. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni ìyàwó yín ti bí fún Mísbáù, ẹ ní ìkẹrin yìí, ayé ò gbọdọ̀ mọ ẹni tó loyún, ayé ò gbọdọ̀ mọ ibi tó ń gbé, ayé ò gbọdọ̀ mọ ọjọ́ tó máa sọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ tì mọ́ ọ̀tá, èmi náà lẹ tì mọ́ta. Kí ni mo ṣe yín? Ẹ sọ ọ́, kí ni mo ṣe yín gan-an?

Bóyá ẹ ti gbàgbé bọ́jọ́ yẹn ṣe lọ. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Mi ò tíì gbé ẹ̀rọ lé ikùn ẹ̀ tán lẹ ti ń bi mí pé ṣé ọkùnrin ni. Mo ní ẹ fara balẹ̀. Mò ń wọn orí ọmọ, ẹ ní ṣé ọkùnrin ni. Mò ń wo ọkàn ẹ̀ bó ṣe ń lù, ẹ ní nọ́ọ̀sì, ṣé ọkùnrin ni. Èmi kì í tiẹ̀ ṣe nọ́ọ̀sì. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí ti kìlọ̀ fún mi, ó ní Kẹ́mi, tóo bá rí ohun tí ò dáa nínú ikùn, òun ni kóo kọ́kọ́ sọ, ọkùnrin àbí obìnrin ni kó kẹ́yìn, torí táwọn èèyàn wa bá ti gbọ́ ìyẹn tán, etí wọn ti di nìyẹn. Ọdún kọkànlá rèé, mi ò rú òfin yẹn rí. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ yọ mí lẹ́nu yọ mí lẹ́nu, ìyàwó yín gan-an ń wò mí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dájọ́ fún, àánú ẹ̀ bá ṣe mí, mo ní Màmá, ọkùnrin ni.

Ó bùṣe. Alhamdulillahi tẹ́ ẹ ké lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń dúró de tiwọn níta dìde dúró. Ohùn yẹn náà ni mo fi mọ̀ yín láàárọ̀ yìí, ẹ má rò pé ẹnì kan ló júwe yín. Àbúrò mi ló ń gbé Ṣógúnlé níbí, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo wà, mo bá a gbé ata lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, mo wá gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi tó ń ṣàdúà fún obìnrin tó ń lọ ata, tí ìyẹn ń dáhùn pé àmín, Ìyá Mísbáù. Mi ò tíì yíjú padà tí mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Mo fi ata àbúrò mi sílẹ̀ síbẹ̀, mo tẹ̀lé yín délé yìí.

Mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà pé ọ̀rọ̀ kù. Mo ní Màmá, ẹ dúró, mi ò tíì parí. Ẹ na ọwọ́ sí mi lójú. Ẹ ní èyí tó dáa la fẹ́ gbọ́, ìyókù di ọwọ́ Ọlọ́run. Mo ní ó níbi tí ibi ọmọ wà, ẹ ní kí n pa ẹnu mi dé, kí n má fi ẹnu mi pe aburú sọ́mọ yín lára. Mísbáù já àwòrán gbà, àwòrán nìkan, ìwé tí mo kọ àlàyé sí wà lórí tábìlì níbẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó. Kí n tó nu ọwọ́ mi kí n sáré jáde, ẹ ti wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹ ti lọ. Bí mo ṣe di ẹlẹ́nu búburú nìyẹn. Ọ̀gá wa pè mí, ó ní báwo ni aboyún ṣe jáde lọ́dọ̀ rẹ láìmọ ohun tó ń ṣe é, mo dúró bí ẹni tó jalè.

Ìwé náà rèé. Mò ń gbé e kiri nínú báàgì mi láti ọjọ́ náà, ó ti ń ya létí.

Ó yá, ìyókù tẹ́ ẹ sá fún, ẹ ó gbọ́ ọ lónìí. Ibi ọmọ, tó yẹ kó wà lókè tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìsàlẹ̀ ló jókòó sí. Ó bo ẹnu ilé ọmọ pátápátá, ibi tọ́mọ máa gbà jáde. Ọmọ ò lè gba ibẹ̀ kọjá àfi kí ibi ọmọ ya, tó bá sì ya, ẹ̀jẹ̀ tó máa tẹ̀lé e, kò sí aṣọ tó lè gbà á, á gbé ọmọ lọ, á gbé ìyá tẹ̀lé e. Nígbà míì ó máa ń gòkè fúnra ẹ̀ bí ikùn ṣe ń tóbi, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí yìí pé kẹ́ ẹ dá a padà wá tó bá pé ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógójì, ká tún un wò. Ọ̀sẹ̀ tá a wà yìí ni. Tá a bá wò ó tí ò gòkè, iṣẹ́ abẹ ni, nílé ìwòsàn ńlá, kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Wọ́n á gba ikùn gbé ọmọkùnrin yín jáde, ìyá ẹ̀ á sì wà láyé tọ́ ọ. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ṣé ó tó ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ sá fún èèyàn?

Ẹ ní kí ni? Ẹ ní kò ṣàìsàn, ó ń jẹun, ó ń rìn, ó ń fọṣọ? Ohun tó burú nínú ẹ̀ nìyẹn, Màmá, kì í jẹ́ kéèyàn ṣàìsàn. Nígbà tẹ́ ẹ lọ pe Mísbáù wọlé lọ́jọ́ náà, ìyàwó yín rọra sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ti yọ lára òun lẹ́ẹ̀mejì, kò sì dun òun rárá. Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ̀jẹ̀ tí ò bá dunni kì í ṣe nǹkan, pé kó má sọ fẹ́nì kankan. Ẹ̀jẹ̀ tí kì í dunni yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Èyí tó ń dunni, ẹni tó ń ṣe á sáré wá ìwòsàn.

Ẹ wò ó, lóṣù tó kọjá, ìyá kan gbé ọmọ ọdún méjì wá bá wa, Táòfíkì lorúkọ ọmọ náà. Ó ní owó wẹ́wẹ́ ló gbé mì, pé á yà á jáde tó bá yàgbẹ́, ẹnì kan ló kàn fipá mú òun wá. A ya àwòrán àyà ọmọ. Bátìrì aago ló gbé mì, ó há sí i lọ́nà ọ̀fun, ó ti ń jó ẹran ibẹ̀. Ìyá yẹn bú sẹ́kún, àmọ́ ó dúró gbọ́ mi dópin, ó sì gbé ọmọ lọ síbi tá a júwe fún un, wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ yẹn ti ń sáré kiri báyìí. Kò gbọ́n jù yín lọ. Ó kàn jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi ni.

Mò ń bú yín, ẹ ti gbọ́. Ẹ gbọ́ èyí náà: èmi náà jẹ̀bi. Ká ní mo fi ọkùnrin yẹn kẹ́yìn ni, ẹ ò bá má tíì dìde. Ẹ ò bá jókòó tì mí kẹ́ ẹ máa bẹ̀ mí, mi ò bá sì rò ó fún yín tán. Ẹnu mi ló yá. Láti ọjọ́ náà, aboyún tí mo bá gbé ẹ̀rọ lé lára, ikùn ìyàwó yín ni mò ń rí. Inú ń bí mi sí yín, àmọ́ ojú ara mi ni mi ò lè wò.

Níbo ló wà? Ẹ pè é jáde, kí n gbé e sínú mọ́tò ká máa lọ.

Ó lọ sí Ìwó? Aboyún oṣù mẹ́jọ, ẹ gbé e gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ìwó? Lọ́jọ́ wo? Ẹ má purọ́ fún mi mọ́, Màmá, ó tó gẹ́ẹ́. Ata tẹ́ ẹ lọ láàárọ̀ yìí, mo rí i, kò sí tòmátò níbẹ̀, kò sí tàtàṣé níbẹ̀, ata wẹẹrẹ ni, kún ike. Wọ́n ti se ọbẹ̀ ata fún èmi náà lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo bímọ. Ta lẹ fẹ́ se tiyín fún? Ẹ̀ ń wolẹ̀. Ilé àgbẹ̀bí wo lẹ gbé e lọ?

Wọ́n ní kẹ́ ẹ má sọ fẹ́nì kankan títí ọmọ á fi kanlẹ̀. Títí ọmọ á fi kanlẹ̀ ni ẹ wí? Ó ti ń rọbí nìyẹn. Láti ìgbà wo? Láti ìdájí? Mo jókòó síbí láti àárọ̀, mò ń rojọ́, mò ń ka ẹ̀ṣẹ̀ yín sí yín létí, ẹ sì jẹ́ kí n máa rojọ́, ẹ mọ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ wà lórí ìkúnlẹ̀. Háà, Màmá.

Fóònù yín ń dún. Ẹ má wò mí, ẹ gbé e. Àwọn ni, àbí? Kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ mú bọ̀? Aṣọ? Àwọn tẹ́ ẹ kó lọ ńkọ́, gbogbo ẹ̀ ti rin fún ẹ̀jẹ̀? Ẹ gbé fóònù yẹn fún mi. Ẹ gbé e fún mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Ẹ káàárọ̀, ìyá. Ẹ má bínú, ẹ ò mọ̀ mí, èmi ni mo ya sikáànù fún Ṣùkúrátù tó wà lọ́wọ́ yín. Ibi ọmọ ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyá, òun ló dí i. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó má rìn, kó má fipá ti ọmọ jáde, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ wò ó nísàlẹ̀, ìka kan péré tó bá gún ibẹ̀, ibi ọmọ á ya. Kí lẹ sọ? Ẹ ti wò ó? Nísinsìnyí? Ẹ ní ẹ ti fọwọ́ kan orí ọmọ, ó kù díẹ̀. Báwo ló ṣe rí lọ́wọ́ yín, ìyá? Ó rọ̀? Ó rọ̀ bíi fùkù ẹran?

Orí ọmọ kì í rọ̀, ìyá. Ẹ má tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ mọ́. Mo ní ẹ má ṣe é mọ́. Kí ló ń dà sílẹ̀ tí mò ń gbọ́ yẹn?

Màmá, ẹ dìde. Ẹ mú mi débẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí tó tán.